Ọjọ́ Mẹ́fà ní Ìlú Róòmù

Ìlú olókè ni Ọ̀kà Àkókó. Àpáta wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, àpáta wà ní ojúde wa, ẹni tí kò bá sì mọ òkè gùn kì í pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé òun kò sí ní ilé bàbá òun. Àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà ní Òkè Màríà tí ó wà ní ìlú wa. Wọn a gun òkè ní òwúrọ̀, wọn a sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀sán, wọn a ra iṣu díẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, wọn a sì wọ mọ́tò padà sí ilé wọn. Ní ìgbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo pàdé ọ̀kan nínú wọn ní ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Àkúrẹ́. Bí ó ti gbọ́ ìlú tí mo ti wá, ó ní, "Ọ̀kà kẹ̀? Mo mọ Ọ̀kà dáadáa. Mo ti wo gbogbo rẹ̀ tán." Mo bi í léèrè ọjọ́ tí ó lò níbẹ̀. Ó ní wákàtí márùn-ún ni. Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Èmi tí a bí sí Ọ̀kà, tí mo sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn agboolé kan ṣì wà níbẹ̀ tí n kò tíì wọ̀ rí.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkàwé mi lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀ ni ó mú mi ṣe ohun tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí. Mo ti mọ òtítọ́ ọ̀ràn náà kí n tó ṣìnà nínú rẹ̀. Èmi tí mo fi àlejò Ọ̀kà rẹ́rìn-ín ni mo padà lọ di irú àlejò bẹ́ẹ̀ ní ìlú ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni èmi àti ìyàwó mi lọ sí Róòmù, olú-ìlú ilẹ̀ Ítálì. Ọdún Júbílì ni ọdún náà jẹ́ fún Ìjọ Àgùdà. Póòpù Francis ni ó ṣí Ilẹ̀kùn Mímọ́ ti ilé-ìjọsìn Pétérù Mímọ́ ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 2024, ṣùgbọ́n ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Póòpù Leo Kẹrìnlá ni ó sì ti ilẹ̀kùn náà ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Póòpù Paul Kejì ni ó pàṣẹ ní ọdún 1470 pé kí a máa ṣe Júbílì ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ṣírò ọjọ́ orí mi, mo wo Júbílì tí ó tún kàn, mo sì rí i pé bí a kò bá lọ ní ọdún yẹn, ó di ọ̀run. Nítorí náà lílọ kò ṣòro láti pinnu. Iye ọjọ́ tí a ó lò níbẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká.

Ẹni tí ó bá ń lọ sí Ìkàrẹ́ láti Ọ̀kà lè jáde nílé láìmọ ìgbà tí yóò padà. Bí ọjà Òṣèlé bá dùn, yóò pẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá dùn, yóò tètè máa bọ̀. Ìrìn-àjò Yúróòpù kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ìwé tí a fi ń tọrọ físà, ó di dandan kí o kọ ọjọ́ tí o ó wọlé àti ọjọ́ tí o ó jáde, kí o fi ibi tí o ó máa sùn ní alaalẹ́ hàn, kí o sì ra ìwé adójútòfò tí yóò kárí gbogbo ọjọ́ náà. Ìjọba ìlú Róòmù pàápàá ń gba owó lọ́wọ́ àlejò fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá sùn ní ilé ìtura wọn, èyí sì yàtọ̀ sí owó yàrá. Nítorí bẹ́ẹ̀, nínú ilé rẹ ní Nàìjíríà ni o ó ti pinnu iye ọjọ́ tí ìlú tí o kò tíì rí yóò gbà. Ó dà bí ìgbà tí a bá ní kí ènìyàn ka iye òkèlè tí yóò yó o kí ó tó rí ọbẹ̀.

Ẹni tí ó ń bá wa ṣètò ìrìn-àjò náà ní kí a mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́fà, tàbí ọjọ́ mẹ́wàá. Ó kọ owó ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀. Owó tí ọjọ́ mẹ́wàá fi ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tó láti fi páànù tuntun bo ilé ìyá mi ní Ọ̀kà, ilé tí a bí mi sí, tí páànù rẹ̀ ti dógùn-ún tí ó sì ń jò. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni a fẹ́ ná, owó tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún retí.

Aṣọ ni ìyàwó mi ń tà ní ọjà Òṣèlé. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa ni ó ti ń pè mí ní Tíṣà, ìgbà tí mo di ọ̀gá ilé-ìwé pàápàá kò yí i padà. Ó wo ìwé náà, ó ní, "Tíṣà, ọjọ́ mẹ́rin tó. Ẹ jẹ́ kí a lọ kí Pétérù, kí a lọ kí Pọ́ọ̀lù, kí a kí Màmá Màríà, kí a sì padà wá kan páànù ìyá yín."

Mo ní, "Bí a bá dé ilé ńkọ́? Kí ni a ó wí pé a rí?"

Ó ní, "Ta ni yóò bi wá?"

Inú bí mi. Mo mú bébà, mo jókòó gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń jókòó ṣe ìlànà iṣẹ́ fún sáà tuntun, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ibi tí ó yẹ ní wíwò: ilé-ìjọsìn ńlá mẹ́rin tí àwọn arìnrìn-àjò Júbílì ń lọ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Póòpù, ilé àdúrà tí Michelangelo fi ọdún 1508 sí 1512 ya àwòrán sí àjà rẹ̀, Colosseum tí àwọn ará Róòmù ìgbàanì ti ń wo ìjà, Pantheon, ibi ìsun omi Trevi tí àwọn àlejò ń ju owó sí, àwọn ihò abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn onígbàgbọ́ ìjímìjí ń sin òkú wọn sí. Nígbà tí mo fi máa gbé kálàmù sílẹ̀, ibi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti kọ. Mo pín wọn sí ọjọ́ mẹ́wàá, mo kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fà á ní ìlà pupa. Kí n má parọ́, ó dùn mí nínú láti wò ó. Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ yóò mọ irú adùn tí ó wà nínú ìlànà iṣẹ́ tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lò.

Mo tún wá fi ìtàn gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1300, nígbà tí Póòpù Boniface Kẹjọ kéde Júbílì àkọ́kọ́, ó fi iye ọjọ́ lélẹ̀ fún ẹni tí yóò bá rí ìbùkún rẹ̀ gbà: ọgbọ̀n ọjọ́ fún ọmọ ìlú Róòmù, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún àlejò. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níwájú ìyàwó mi bí lọ́yà ti í gbé ìwé òfin kalẹ̀ níwájú adájọ́. Mo ní bí Póòpù bá lè ní kí àlejò lo ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ni ó burú nínú ọjọ́ mẹ́wàá?

Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ibi mélòó ni Póòpù náà ní kí wọ́n máa lọ ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn?"

Ẹnu mi wọhò. Ibi méjì péré ni: ilé-ìjọsìn Pétérù Mímọ́ àti ti Pọ́ọ̀lù Mímọ́. Ibi méjì náà ni àlejò yóò máa lọ lójoojúmọ́ títí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò fi pé. Obìnrin tí kò ka ìtàn Róòmù rí ti fi ìbéèrè kan ṣoṣo gba idà mi lọ́wọ́ mi.

A fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì fa ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ wa dá sí i láti ibi tí wọ́n wà, òmíràn gbè mí, òmíràn gbe ìyá rẹ̀. Ní ìkẹyìn a fi ọjọ́ mẹ́fà parí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti í fi àárín parí ìjà ààlà ilẹ̀, inú ẹnikẹ́ni kò sì dùn tán. Ìyàwó mi fi ọjọ́ méjì tọrọ àlàáfíà. Èmi náà fi ọjọ́ mẹ́rin sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Mo gé ọjọ́ kù, n kò gé ibi kankan kù. Mo tún bébà náà kọ, mo sì rọ́ gbogbo ibi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sínú ọjọ́ mẹ́fà. Bí olùkọ́ kan bá dán irú rẹ̀ wò lábẹ́ mi, tí ó fẹ́ rọ́ iṣẹ́ sáà kan sínú ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé àwọn àyẹ̀wéwò ń bọ̀, n bá pè é sí ọ́fíìsì kí n sì bá a wí gidigidi.

A dé Róòmù. Ọjọ́ kìn-ín-ní bá àárẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a ti wà lórí ìlà níwájú ilé-ìjọsìn Pétérù Mímọ́. Ní ọdún 1506 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé náà, ọdún 1626 ni wọ́n sì yà á sí mímọ́. Ọgọ́fà ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọ, mo sì ti kọ ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí bébà mi. Bí a bá ti gba Ilẹ̀kùn Mímọ́ kọjá, ní apá ọ̀tún, ère kan wà níbẹ̀ tí Michelangelo gbẹ́ nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: Màríà Wúńdíá jókòó, ó gbé òkú ọmọ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Ìyàwó mi dúró níwájú rẹ̀. A ti sin ọmọ kan rí, èmi àti òun, ní ìgbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. A kì í sọ ọ́. Ó dúró, kò sọ̀rọ̀, kò sunkún, ó kàn ń wo ọwọ́ òsì ìyá náà tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo wo aago mi. Mo fọwọ́ kàn án ní èjìká, mo ní, "Àkókò ti tó."

Ó bá mi lọ. Ní ọjọ́ náà, ibi márùn-ún ni mo fi ìlà pa lórí bébà.

Ní ọjọ́ kẹta, orúnkún rẹ̀ wú. Òkúta kéékèèké ni wọ́n tò sí ojú ọ̀nà púpọ̀ ní ìlú náà, ó sì máa ń ni ẹsẹ̀ àgbà lára. A gbìyànjú dé ilé-ìjọsìn Màríà Wúńdíá tí wọ́n ń pè ní Santa Maria Maggiore, èyí tí kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè ńlá wọn. Níbẹ̀ ni ìyàwó mi jókòó sí orí ìjókòó kan tí ó ní òun kò lè lọ mọ́. Colosseum ni ó kàn lórí bébà, a sì ti sanwó wákàtí tí a ó wọ̀ ọ́. Mo ní, "Màmá, sinmi níbí. Kò ní ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ." Aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ni.

Mo dé Colosseum. Ní ọdún 80 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ni ọba Titus ṣí i, ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n sì fi ṣe eré ìṣíde rẹ̀, tí ènìyàn àti ẹranko ń kú níbẹ̀ kí àwọn òǹwòran lè rí ìran. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nísinsìnyí bí inú rẹ̀ ti rí, òkúta ni n óò wí, òkúta púpọ̀, àti orí àwọn ènìyàn tí ó wà níwájú mi. Nígbà tí mo jáde, ó yẹ kí n padà sí ọ̀dọ̀ ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n ahoro ọjà àti ààfin àwọn ará Róòmù ìgbàanì wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ìwé kan náà ni a fi ń wọ méjèèjì. Mo wọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ mo rí òkè kan tí ó wà lórí bébà mi fún ọjọ́ karùn-ún, mo ní kí n kúkú parí rẹ̀. Nígbà tí mo wá fẹ́ padà, mo wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tí ó ń lọ sí ọ̀nà ibòmíràn. Èdè wọn kò yé mi, ìtìjú kò sì jẹ́ kí n tètè béèrè. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá kí n tó padà dé ilé-ìjọsìn náà. Ní ẹnu ọ̀nà ni mo ti rántí pé fóònù kan ṣoṣo ni a ra líìnì ibẹ̀ sí, ó sì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo owó Yúrò wa pẹ̀lú, inú àpò mi ni ó wà. Obìnrin tí ó bí ọmọ fún mi, tí ó ti ń fi owó aṣọ bọ́ wa ní àwọn oṣù tí owó olùkọ́ kò wọlé, ni mo fi sílẹ̀ ní ìlú àjèjì fún ohun tí ó lé ní wákàtí mẹ́fà, láìsí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, láìsí ẹni tí ó lè pè.

Kò sí lórí ìjókòó tí mo fi í sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe bèèrè bí ara mi ti rí ní ìṣẹ́jú yẹn. Mo wá a yíká láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó tò lórí ìlà láti wo ibojì Póòpù Francis, nítorí ilé-ìjọsìn náà ni wọ́n sin ín sí. Ìgbà tí mo rí i, ó wà pẹ̀lú Sísítà kan, ọmọ Nàìjíríà, ẹni tí ó ti rí i tí ó dá jókòó, tí ó sì fún un ní búrẹ́dì àti omi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ìyàwó mi gbọ́ ọ títí, kò dá mi lóhùn. Sísítà náà wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi tán fúnra rẹ̀. Mo wá sọ ohun tí ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ sọ, mo ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

Ó dìde, ó fi ọwọ́ ti èjìká mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ wá wo ẹnì kan."

Ó mú mi lọ síwájú ère kan tí ó jẹ́ láti orí dé àyà. Òkúta dúdú ni wọ́n fi gbẹ́ ojú rẹ̀, ojú ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà gidi. Ìyàwó mi ni ó sọ ìtàn rẹ̀ fún mi bí Sísítà náà ti sọ ọ́ fún un, mo sì ti wá a kà láti ìgbà náà. António Manuel Ne Vunda ni orúkọ rẹ̀. Ìjòyè ilẹ̀ Kóńgò ni. Ní ọdún 1604 ni ọba rẹ̀, Álvaro Kejì, rán an sí Póòpù kí ilẹ̀ Kóńgò lè bá Róòmù sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, láìgba ọwọ́ àwọn Potogí. Ọ̀nà Brazil ni ó gbà. Àwọn ọlọ́ṣà orí omi kó o ní ẹrù lọ. Ó dé Potogí, ó dé Sípéènì, ó pẹ́ níbẹ̀. Nínú àwọn tí ó bá a jáde nílé, díẹ̀ péré ni ó bá a dé ibi tí ó ń lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 1608 ni ó wọ Róòmù, àìsàn sì ti dá a gúnlẹ̀. Wọ́n ti múra láti fi ayẹyẹ ńlá gbà á ní ọjọ́ 6 oṣù náà, ọjọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ fi ń rántí àwọn Amòye tí ó ti ìlà-oòrùn wá kí Jésù. Póòpù Paul Karùn-ún lọ bẹ̀ ẹ́ wò lórí ibùsùn. Ní òru tí ó ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ náà ni ó kú, ìsìnkú sì ni wọ́n wá ṣe. Ó rìn ní ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ tí ó lò ní ìlú náà kò pé mẹ́rin.

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí rí. Kò sì sí lórí bébà mi.

Ìyàwó mi ní, "Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí orúnkún mi bá ro mí, n óò padà lọ jókòó. Bí ó bá dẹ̀, n óò tún wá. Mo rò ó pé àwọn ará ilé rẹ̀ ní Kóńgò yóò máa retí pé kí ó padà wá ròyìn Róòmù. Kí ni ó rí? Àjà yàrá." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Tíṣà, ó jíṣẹ́. Ẹni tí wọ́n rán an sí wá bá a lórí ibùsùn."

A jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. N kò wo aago.

Ní òru ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Òfin Póòpù Boniface ni mo ń rò. Ó ti máa ń yà mí lẹ́nu pé ọmọ ìlú, tí ilé rẹ̀ wà nítòsí ilé-ìjọsìn, ni ó ní kí ó lo ọgbọ̀n ọjọ́, tí ó sì fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò. Mo wá rò ó pé bóyá ọ̀nà tí àlejò rìn ni ó kà mọ́ ọn lára. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Ne Vunda ti san ọjọ́ tirẹ̀ kí ó tó dé, ó sì san án lé. Èmi tí mo fi ọkọ̀ òfuurufú dé láàárín ọjọ́ kan, kí ni mo san? Owó ni mo san, mo sì fẹ́ fi bàtà gba owó náà padà lára ìlú onílùú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó kù. Mo fún ìyàwó mi ní bébà náà pé kí ó fi ìlà pa ohun tí ó bá fẹ́. Ó pa mẹ́tàdínlógún nínú èyí tí ó kù, kò sì fi ojú àánú pa wọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin, a lọ sí ilé-ìjọsìn Pọ́ọ̀lù Mímọ́, ibẹ̀ nìkan ni a sì lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ní kí a lọ sí ilé-ìjọsìn Augustine Mímọ́, nítorí Mónìkà Mímọ́, ìyá Augustine, ni ó wà níbẹ̀, òun sì ni àwọn ìyá nínú ìjọ wa máa ń gbàdúrà nípasẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni obìnrin náà, láti apá àríwá níbi tí Àlùjéríà wà lónìí. Ọmọ rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé dé ilẹ̀ Ítálì, ní Ostia, etíkun Róòmù, ni ó kú sí ní ọdún 387 nígbà tí ó ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sílé. Ní ọdún 1430 ni wọ́n gbé egungun rẹ̀ wá sínú ìlú. Ìyàwó mi bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, èdè Ọ̀kà wa ni ó fi bá a sọ̀rọ̀. Èmi jókòó lẹ́yìn, mo ń wo àwọn àlejò tí wọ́n ń wọlé, tí wọ́n ń ya fọ́tò, tí wọ́n ń jáde. Mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni mí ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kẹfà, kí a tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, a tún lọ tò lórí ìlà níwájú ilé-ìjọsìn Pétérù Mímọ́. Nígbà tí a wọlé, a yà sí apá ọ̀tún. Èmi àti ìyàwó mi dúró níwájú ère ìyá àti ọmọ náà. Ní ìgbà àkọ́kọ́ láti nǹkan bí ogójì ọdún, ó dárúkọ ọmọ wa. Èmi náà dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé mi àtijọ́ wá sọ́dọ̀ mi láìpẹ́ yìí. Ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fẹ́ kí n bá òun pinnu iye ọjọ́ tí yóò tó wọn láti wo ìlú náà, nítorí ó gbọ́ pé mo ti rìnrìn-àjò. Ó ti kọ orúkọ ibi mọ́kàndínlógún sínú fóònù rẹ̀. Mo bi í pé báwo ni orúnkún ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àpárá ni mo ń dá. Mo tún un bi.

Ní ti ilé ìyá mi, owó tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà tó láti fi páànù bo ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì ń jò. Bí òjò bá ń rọ̀ ní Ọ̀kà, tí a bá sì wà níbẹ̀, ìyàwó mi a dìde, a máa gbé abọ́ sí abẹ́ ibi tí omi ti ń kán. Ó ti fún ojú ìjò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. "Tíṣà," ni yóò wí láti inú òkùnkùn, "ẹ sún ibùsùn yín díẹ̀, ọjọ́ karùn-ún ti ń kán sí yín lẹ́sẹ̀."